Ìdáhùn sí «Àwọn Onílẹ̀ Laxton»: ẹ bá wa yọ «oní-» yẹn kúrò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó o.

Mo ti ka ìtumọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìtàn bí Laxton, abúlé kékeré ní Nottinghamshire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ti ọwọ́ dé ọwọ́ láti ayé Tochi, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ṣáájú 1066, títí di ọdún 2020. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ṣùgbọ́n «onílẹ̀» tí ẹ fi pe gbogbo wọn, onílẹ̀ kìíní, onílẹ̀ kejì, títí dé èyí tó kẹ́yìn, kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Àǹtí wa láti Èkìtì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bá yín fa «oko-ìní» tí ẹ fi túmọ̀ manor (ilẹ̀ abúlé tó wà lábẹ́ ẹnìkan, pẹ̀lú àwọn tó ń ro ó) títí ilẹ̀ fi ṣú. Oko-ìní kọ́ ló ń dùn mí. Oní- ni.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bàbá àgbà mi dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá ti jáde, a ó di iṣu sínú apẹ̀rẹ̀, a ó rọ epo sínú kèrègbè. Èmi ni mò ń ru iṣu. Bàbá fúnra wọn ló ń gbé epo, torí wọn ò fẹ́ kó dànù lójú ọ̀nà. Tí a bá dé àgbàlá àwọn onílẹ̀, bàbá á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọkùnrin tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. (Ṣ ni o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ ọ́ ní «ìsákọ́lẹ̀» lẹ́ẹ̀mẹrin. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi tí ẹ ti wá, ṣùgbọ́n nílé wa, ṣ ni.) Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn lọ, n kò gbọ́ kí bàbá sọ pé «oko mi» létí àwọn ènìyàn yẹn. «Ibi tí ẹ fún wa» ni wọ́n ń wí. Wọn ò gbin kòkó síbẹ̀, wọn ò gbin obì, torí ẹni tó bá gbin igi tó ń pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹjọ́ ló gbìn. Bàbá ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí oní- ń gbé. Ẹni tí a ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún, tí òun kì í gbé e fún ẹnikẹ́ni, òun nìkan ni onílẹ̀.

Ẹ wá gbé ìwọ̀n yẹn lọ sí Laxton. Ìwé Domesday, ìwé tí Ọba William ní kí wọ́n fi ka ilẹ̀ àti ènìyàn sílẹ̀ ní 1086, sọ pé Tochi ló wà nídìí ibẹ̀ kí àwọn Norman, àjèjì tó fi idà gba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó dé. Lẹ́yìn rẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ Geoffrey Alselin. Síbẹ̀ Geoffrey kọ́ ni ìwé náà bá nínú abúlé. Walter ló bá níbẹ̀, ó sì pe Walter ní «ènìyàn Geoffrey». Walter ní ohun ìtúlẹ̀ kan tí màlúù ń fà. Villani 22 (àwọn àgbẹ̀ abúlé tó ń sin ẹni tó wà lórí wọn) àti bordarii 7 (àwọn tí ilẹ̀ wọn kéré sí ti villani) ní irú rẹ̀ 5 láàárín ara wọn. Ẹrúkùnrin 5 wà níbẹ̀ àti ẹrúbìnrin 1. Pápá koríko tó éékà 40. Pọ́n-ùn 9 ni wọ́n dá lé e láyé Ọba Edward tó jọba kí àwọn Norman tó dé. Ó ti wálẹ̀ sí 6 nígbà tí àwọn akọ̀wé William dé.

Ẹ bá mi kà wọ́n láti òkè. Ọba. Geoffrey lábẹ́ ọba. Walter lábẹ́ Geoffrey. Àwọn tó ń ro ilẹ̀ lábẹ́ Walter. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ fi oní- lé lórí?

Ẹ̀gbọ́n ti dáhùn èyí ṣáájú. Ẹ ní Latin ìwé náà lo habuit («ó ní in nígbà kan») fún Tochi, ó lo habet («ó ní in báyìí») fún Walter, pé ọmọ ìyá «ní» wa ni habere, nítorí náà oní- ti rí ẹlẹ́rìí. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí, torí ohùn kan ṣoṣo ló pa yín lára níbẹ̀. Ní olóhùn òkè àti ni olóhùn àárín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Mo ní àlejò: èmi kọ́ ni mo ni àlejò. Ọmọ náà ní ibà: kò sí ẹni tó ń ni ibà. «Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?» lẹ ó béèrè tí ẹ bá fẹ́ wọlé, «Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?» lẹ ó béèrè tí ẹ bá rí i he nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí a tọ́ sínú èdè yìí kì í ṣì wọ́n pè. Walter ní Laxton. Geoffrey ní Laxton. Ọba ló ni ín. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn ló gbé gbogbo òfin ilẹ̀ àwọn Norman dúró, èdè wa sì ti ṣe iṣẹ́ náà fún wa tán kí a tó mú kálámù. Ìdí rèé tí ara fi ń ta mí pé ẹ wá fi onílẹ̀ da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Oní- gbé ohùn òkè ti ní, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ilẹ̀, ìtumọ̀ ni ló ń gbé kiri.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ pé ọlọ́pàá kò ni ọ̀pá, pé olóyè kò ni oyè, pé oníbàárà kò sì ni ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, n kò bá wọn jiyàn. Oní- lè fúyẹ́ lórí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e sórí ilẹ̀, kí ẹ pe onílẹ̀ lójú pópó, kí ẹ wo ẹni tí yóò yíjú. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ni yóò yíjú. Ọ̀rọ̀ náà ti lówó nínú, ó ti lẹ́jọ́ nínú, ó ti ní orí àwọn baba nínú. A ò lè sọ pé kí òǹkàwé gbàgbé gbogbo ìyẹn nítorí ará Normandy kan.

Ẹ̀gbọ́n tún pe àwọn villani 22 yẹn ní ẹrú. Rárá o. Ìwé kan náà ka ẹrú 6 lọ́tọ̀, ọkùnrin 5 àti obìnrin 1. Tí villani bá jẹ́ ẹrú, kí ló dé tí akọ̀wé fi tún ka àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀? Ẹnìkan ti dá «ìwọ̀fà» lábàá. Ìwọ̀fà ń sìn nítorí owó tí wọ́n yá. Ọjọ́ tí owó bá wọlé, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ń lọ ilé baba rẹ̀. Villanus kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bí i sínú rẹ̀ ni. Ó ń fún ẹni tó wà lórí abúlé ní ọjọ́ iṣẹ́, ó sì tún ní oko tirẹ̀ tó ń ro. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Kí a fi villani sílẹ̀ bó ṣe wà sàn ju kí a sọ ẹni tí kì í ṣe ẹrú dẹrú nínú ìwé tí ọmọ wa máa kà.

Kí wá ni mo fẹ́ kí a máa pe Alselin? Mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé: ajẹlẹ̀. Jẹ tí a fi ń jẹ oyè, tí a fi ń jẹ ogún, tí a fi ń jẹ èrè. Kì í ṣe òun ló ni oyè tó ń jẹ. Ẹni tó fi jẹ ẹ́ wà lókè. Ẹ̀gbọ́n ní ajẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí n kọ, pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe rí i nínú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n fi àmì òkè sí jẹ. Mo gbà pé ẹ rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú u palẹ̀. A-, jẹ, ilẹ̀. Níbo ni òkè ti wọlé? Jẹ́ olóhùn òkè ni jẹ́ ọkùnrin, jẹ́ orúkọ, jẹ́ iṣẹ́. Ènìyàn kì í jẹ́ ilẹ̀. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ lè sọ pé ẹnu àwọn àgbà kan gbé e sókè. Kí ẹ gbé àgbà náà wá kí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èsì Àǹtí wa láti Èkìtì ló wọ̀ mí lára ju ti gbogbo yín lọ. Wọ́n kọ̀wé pé nílé àwọn, a kì í fi ajẹlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ dídùn. Pé àwọn tí Ìbàdàn fi sórí ìlú ni, tí wọ́n ń gba ohun tí kò tọ́ sí wọn lọ́wọ́ ará ìlú àti lára obìnrin ilé. Pé Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹsí ló pa ajẹlẹ̀ ní 1878, tí ogun Èkìtìparapọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀, tó sì di 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà. Pé báwo ni èmi ṣe máa mú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ fún àlejò ní ilẹ̀ òkèèrè.

Àǹtí, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. N kò mú ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tochi. Àjèjì fi idà wọ̀lú ní 1066, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀, ọba tuntun pín in fún àwọn tó bá a jagun. Òkìtì ńlá tí wọ́n fi erùpẹ̀ kó jọ, tí ilé olódi wà lórí rẹ̀ nígbà náà, ṣì wà ní ìhà àríwá Laxton títí di òní. Mo ti gun orí rẹ̀. Láti orí òkìtì yẹn, gbogbo òrùlé abúlé ló wà lábẹ́ ojú rẹ. Wọn kì í kọ́ irú ilé yẹn láàárín àwọn tó fẹ́ràn wọn. Nítorí náà, kíkorò tí ajẹlẹ̀ korò lẹ́nu yín, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tó rọ̀ sí i, a ti bá Alselin bo ọ̀nà tó gbà wọlé.

Ibi tí mo gbà pé Àǹtí ti borí mi ni pé ajẹlẹ̀ Ìbàdàn kì í fi ìlú sílẹ̀ fún ọmọ. Èyí ti Laxton ń wọ ìdílé. Láti ọ̀dọ̀ Alselin, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn de Caux, ó ti ara ọmọbìnrin dé ọ̀dọ̀ àwọn Everingham. Àwọn wọ̀nyí tún ni wọ́n ń ṣọ́ igbó ọba ní Nottinghamshire àti Derbyshire láti baba dé ọmọ, títí oyè ìṣọ́gbó náà fi bọ́ lọ́wọ́ wọn láyé Edward Kìíní. Ẹ kíyè sí i: oyè bọ́, Laxton kò bọ́. Méjì ni ohun tí wọ́n ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n fi «onílẹ̀ àti onígbó» pè wọ́n ní ojú ìwé kan. Igbó ọba ni, Ẹ̀gbọ́n! Ọdẹ aṣọ́gbó ni wọ́n.

Bí ó sì ti ń wọ ìdílé tó yẹn, wọn kò ní ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Tí ẹni tó gba ilẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ọba báyìí bá kú, tí àrólé rẹ̀ ṣì kéré, ọba á gba ilẹ̀ náà mọ́wọ́, á máa kó èrè rẹ̀ títí ọmọ á fi dàgbà. Tí ọmọ bá dàgbà tán, ó gbọ́dọ̀ sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé síbi tí baba rẹ̀ kú sí. Ọba ló tún ń yan ẹni tí ọmọ náà yóò fẹ́. Onílẹ̀ wo ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún? Onílẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ẹ ti gbọ́ ọ rí? Tí bàbá àgbà mi bá gbọ́, wọ́n á ní kí n tún un sọ.

Òfin 1290 tí Ẹ̀gbọ́n fò kọjá ní ìlà kan ṣe pàtàkì sí ìjà wa. Kí ó tó dé, ẹni tó wà lábẹ́ ọba lè fi apá kan fún ẹlòmíràn láti wà lábẹ́ òun, onítọ̀hún náà á tún fi fún ẹlòmíràn, àkàbà náà ń gùn sí i. Edward Kìíní ní ó tó: ẹni tó bá ra ilẹ̀, ẹsẹ̀ ẹni tó tà á ni yóò fi ẹsẹ̀ sí, lábẹ́ ẹni tí ìyẹn wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé rírà ti wọ inú ọ̀rọ̀, síbẹ̀ «lábẹ́» kò kúrò níbẹ̀. A ra ipò ni, a ò tíì ra ilẹ̀.

Ajẹlẹ̀ mi kò sì lè rìn títí dé òpin ìtàn, mo mọ̀. Nínú ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Laxton ti kúrò lọ́wọ́ ìdílé Roos, ó ti kọjá lọ́wọ́ Buckingham, aláyànfẹ́ ọba, ó ti di ti William Courten, oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù tó fowó rà á bí ènìyàn ṣe ń ra ọjà. Ohun tí oníṣòwò ṣe sí i dá yàtọ̀: ó ní kí Mark Pierce ya àwòrán ilẹ̀ náà ní 1635, oko kọ̀ọ̀kan, ìlà ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń ro ó. Àwòrán náà wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford. Wọ́n ya àwọn ènìyàn kéékèèké sínú rẹ̀ tí wọ́n ń túlẹ̀, tí wọ́n ń kórè, tí wọ́n ń dẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n ka ilẹ̀ òun fún òun bẹ́ẹ̀ ti ń sún mọ́ ni. Lẹ́yìn Courten, ìdílé Pierrepont rà á. Ní 1660, òfin mú iṣẹ́ ogun àti gbígba àrólé mọ́wọ́ kúrò lórí ilẹ̀ pátápátá. Níbẹ̀ ni èmi máa gbà kí ẹ mú oní- jáde, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó wọlé ní 1660, kí òǹkàwé gbọ́ ọ bó ṣe ń wọlé, kí ó mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Tí ẹ bá ti ná an tán lórí Tochi, kí lẹ fẹ́ fi pe Pierrepont?

Èyí tó kù kò gba àríyànjiyàn. Earl Manvers, ọmọ ìdílé Pierrepont kan náà, tà á fún ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ní 1952; ó dé ọ̀dọ̀ Crown Estate, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ adé ọba, ní 1981; ní 2020 wọ́n tà á fún Thoresby, ìyẹn ilẹ̀ ìdílé àwọn Pierrepont. Ó padà sílé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń dúró dè mí níbí, mo mọ̀, torí wọ́n ti kọ ọ́ pé títí di òní, lójú òfin Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ọba ni ilẹ̀ ṣì wà, ẹni tó ra ilé ní Nottingham náà kò ni ju ẹ̀tọ́ sí i lọ. Àti pé nílé wa gan-an, láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, síbẹ̀ a kò yé pe onílẹ̀ ní onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì ti rò ó lóru. Ohun tí mo rí sọ ni pé ẹnu àwọn ènìyàn ni mo ń tẹ̀ lé, n kò tẹ̀ lé ìwé òfin. Ẹnu àwọn ará ilé wa kọ̀ láti fi oní- fún gómìnà. Ẹnu àwọn ará Laxton ńkọ́?

Nottingham ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún kan lópin oṣù kọkànlá, nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ ń jáde lọ wo oko ọkà. Oko ńlá mẹ́ta ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ṣì jọ ń dá láìsí ọgbà láàárín wọn, bí ti ayé àtijọ́. Òjò ti rọ̀, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Wọ́n ń wo ìlà láti èèkàn dé èèkàn. Ọkùnrin kan gbé òòlù onígi, ó ń gbá èèkàn tuntun wọlẹ̀ níbi tí ti àtijọ́ ti yẹ̀. Ẹni tó bá túlẹ̀ wọ etí koríko tí gbogbo wọn jọ ni, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò san owó ìtanràn nígbà tí ilé ẹjọ́ abúlé bá jókòó nínú ilé ọtí wọn. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà léèrè pé ta ló ni ìlà ilẹ̀ tí a dúró sí. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, «Èmi ni mò ń ro ibí yìí.» Kò sọ pé tòun ni, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn bàbá àgbà mi.

Èyí ni mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n fi tún ìtumọ̀ náà ṣe: kí a jẹ́ kí Tochi ní i, kí Alselin àti àwọn Everingham jẹ ẹ́, kí Courten rà á, kí àwọn Pierrepont wá ni ín. Ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́rin, kò sí ọ̀kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Fún manor, mo ti dá «ilẹ̀-ìjẹ» lábàá; Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìjẹ ni wọ́n ń fi sẹ́nu ìwọ̀ fún ẹja. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n manor tún ní ilé nínú, ilé tí ẹni tó ń jẹ ilẹ̀ ń gbé, tàbí ibi tí aṣojú rẹ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́, tí àwọn villani ń gbé nǹkan wá. Àǹtí, ẹ sọ pé Màmá yín ṣì wà, pé ìyá tó bí wọn mọ àwọn tó rí ayé ajẹlẹ̀. Ẹ bá mi bi wọ́n tí ẹ bá délé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: ilé tí ajẹlẹ̀ ń gbé láàárín ìlú, kí ni àwọn ará ìlú ń pè é? Kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, torí àmì ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.